Ìkúnlẹ̀ Tó Mú Mi Fura Sí Ọmọ Mi

Òórùn rọ́bà táyà tuntun ló máa ń gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi ní New Benin bí oòrùn bá ti mú páànù òrùlé gbóná. Ẹ béèrè mi níbẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò tilẹ̀ kà á tán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kun táyà àlòkù kó wá pè é ní tuntun fún mi. Ohun tó bá ti ń dán jù máa ń kọ mí lóminú.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọbìnrin mi àgbà ṣe ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dán nígbà kan. Benin la bí i sí. Bí a bá sọ Yorùbá sí i nílé wa ní Uwasota, Pijin ló fi ń dáhùn, bó bá sì ń kí mi láàárọ̀, ó ti ń kọjá lọ nìyẹn. Àfi bí mo ṣe rí i lórí eékún méjèèjì: "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ó tún fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi láìjẹ́ pé mo rán an. Ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ pé àdúrà ti gbà. Èmi ò dúpẹ́. Ikùn rẹ̀ ni mò ń wò.

Yunifásítì tó ń lọ ò jìnnà sí wa, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, kẹ̀kẹ́ ló ń wọ̀, kẹ̀kẹ́ náà sì ń kọjú sí ìgboro. Mo bi í, ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kan lòun ti ń kàwé. Ọ̀rẹ́ wo? Ó ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọkùnrin kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

"Dádì wọn, ìfura yín ti pọ̀ jù," ló wí. "Ọmọ ò kúnlẹ̀, ẹ bínú. Ó kúnlẹ̀, ẹ tún bínú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé tirẹ̀ dé Iyaro. Ó wọ ọgbà kan. Mo dúró díẹ̀ kí n lè ká wọn mọ́, mo ti to èébú tí n ó bú ọkùnrin náà sẹ́nu, kí n tó yọjú lójú fèrèsé. Lẹ́sìnnì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ti àwọn tó ń múra ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Ọmọ mi, tó yẹ kó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí kò tó àbúrò rẹ̀. Ó rí mi, ó jáde wá.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Ta ló fún ẹ lóyún?"

"Oyún kẹ̀? Mi ò lóyún, sà. Wọ́n lé mi ní yunifásítì ni."

Ó ní àtọdún àkọ́kọ́ lòun ti ń fo kíláàsì, òun ń bá ọ̀rẹ́ kiri, òun ń fìdí rẹmi, òun sì ń rò pé òun á ṣàtúnṣe, títí wọ́n fi ní kóun máa lọ sílé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Ẹ ti sọ fún gbogbo ìjọ pé lọ́yà ni mí. Bí ẹ bá ń sọ ọ́, inú yín máa ń dùn gan-an. Ìgbà wo ni mo fẹ́ bà á jẹ́? Bí mo bá ti rí yín láàárọ̀, ó máa ń dùn mí, ni mo ṣe ń kúnlẹ̀."

Ẹ̀bẹ̀ ni ohun tí mo pè ní ẹ̀tàn.

"Padà wọlé," ni mo wí. "Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ń kọjá ẹ."

"Ẹ ò ní lù mí?"

"Wọlé, jàre."

Ó yege ìdánwò náà, ó ti padà sí yunifásítì, iṣẹ́ mìíràn ló ń kọ́. Nígbà míì, á jókòó sójú kan, mo sì mọ̀ pé àwọn ọdún tó ṣòfò yẹn ló ń rò. N kì í ní kó gbàgbé. Mo máa ń jókòó tì í ni. Nínú gbogbo ẹni tí mo fura sí nígbà náà, mi ò ka ara mi mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an lọmọ ń sá fún. Bí àwọn ará ìjọ bá ní ìwé rẹ̀ ńkọ́, mo máa ń ní kí wọ́n bi òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ bí ìyẹn ṣe le tó fún mi. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí táyà, ó ní òun féèlì kọ́ọ̀sì kan. Kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́ rárá, èmi ló kọ́kọ́ sọ fún.