Ìwé Àṣẹ, Kílípà àti Orí Mi

Lọ́jọ́ tí obìnrin kan láti kánsù gbé àgádágodo wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ketu, ìdajì irun ni mo ṣì gé fún oníbàárà tó wà lórí àga. Ọkùnrin náà ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì. Obìnrin yìí, Ìyáàfin Adéṣínà, ní n kò ní ìwé àṣẹ, nítorí náà òun máa ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Inú bí mi gan-an. Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gbàjámọ̀, èmi sì ni alága ẹgbẹ́ wa ládùúgbò. Mo bi í pé nígbà tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ ní Alápẹ̀rẹ̀, tí mò ń gbálẹ̀, tí mò ń fọ ṣòkòtò ọ̀gá mi, ibo ni ìjọba wà? Ìjọba tí kò mọ irun gé, kí ló kàn án nínú irun tí mò ń gé?

Ojú rẹ̀ wà lára ògiri, níbi tí mo gbé òfin ẹgbẹ́ kọ́ sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin náà ni kílípà kan wà, a so ó mọ́ ìṣó.

"Ọ̀gá, ta ló ni kílípà yẹn?"

Mo ní Sàkírù ni, ọkùnrin kan tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láìṣe fíríídọ̀mù, ìyẹn ayẹyẹ tí ọ̀gá fi ń tú ọmọṣẹ́ sílẹ̀ lójú ẹgbẹ́. A lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

"Ta ló fún yín láṣẹ láti gbà á?"

"Àṣẹ kẹ̀, màdáàmù? Ẹni tí a ò mọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́, ṣé ká máa wò ó kó máa kó làpálàpá ran àwọn èèyàn ni? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wọ́n wò."

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ọkọ ìyàwó onídajì irun rẹ́rìn-ín títí aṣọ fi bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

Ìyáàfin Adéṣínà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní òun náà fẹ́ yẹ̀ mí wò. Ó ṣí ìgò sípíríìtì tí mo fi ń nu kílípà, ó gbé e símú. Kò rùn rárá. Sípíríìtì ti tán láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, omi ni mo rọ sí i kí ọkàn àwọn oníbàárà lè balẹ̀. Ọkọ ìyàwó kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ẹnikẹ́ni.

Ó ní kí n sáré ra sípíríìtì, kí n parí irun ọkùnrin náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ti ilẹ̀kùn, ó sì gba ọjọ́ mẹ́rin gbáko kí ìwé àṣẹ mi tó jáde. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì aládùúgbò, mò ń bínú, mo sì ń ronú. Àwọn ará kánsù tó ti ń wá tẹ́lẹ̀, bébà owó nìkan ni wọ́n ń já lé mi lọ́wọ́. Àwa ẹgbẹ́ náà, a kò gbóòórùn ìgò ara wa rí. Títí dòní, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ fún mi láṣẹ, kó kọ́kọ́ gbóòórùn ìgò.

Lọ́jọ́ tí mo tún ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ránṣẹ́ pe Sàkírù. Mo ní kó wá gé irun tèmi. Tó bá mọ̀ ọ́n gé, kó máa mú kílípà rẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí àga mi, mo tẹrí ba. N kò gbọ́ ìró kílípà.

"Kí lò ń dúró dè?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni Sàkírù wí. "Gbogbo Ketu ló ti gbọ́. Ẹ jẹ́ n rí ìgò yín."

Mo gbé e fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e símú.