Ta Ló Pa Aláìṣẹ́jú?

Ayàwòrán tí gbogbo wa ń pè ní Aláìṣẹ́jú kú ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ní iwájú ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún sìn. Kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ dé mọ́ṣúárì, ọ̀rọ̀ ìdárò ilé iṣẹ́ náà ti jáde. Wọ́n ní ìjàǹbá ọkọ̀ ni. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ṣàdédé bà á, ló bá já sójú títì láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Wọ́n sì rántí fi kún un pé ìsinmi ló wà lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹnu iṣẹ́.

Mo ka ìdárò yìí, mo tún un kà. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ṣé ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí i lẹ́nu ni pé òun kọ́? Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Kí ló ń lé wọn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó kú fún yín, nítorí àwọn tó gbà á síṣẹ́ kò sọ ọ́. Obìnrin kúkúrú ni, aláwàdà sì ni. Kámẹ́rà rẹ̀ ló ń pè ní "ọkọ mi àgbà," bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kàn án, á ní kí onítọ̀hún wá tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìyàwó ilé. Orúkọ tí a sọ ọ́ kò ṣẹ̀yìn ogun: níbi tí àdó olóró bá ti ń bọ́, tí gbogbo wa dijú, ojú tirẹ̀ á là sílẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Síbẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni rí láìjẹ́ pé ó lóṣòó tì í, kó kí i, kó béèrè orúkọ rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá kọ̀, á jókòó tì í díẹ̀, á sì máa lọ.

Òun ló ya bàbá arúgbó tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ilé tí kò ní ògiri mọ́. Ẹ ti rí fọ́tò yẹn. Ó wà lára ògiri ní ibi tí ilé iṣẹ́ náà ti ń gba àlejò. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀bùn ńlá dá fọ́tò náà lọ́lá, olóòtú àgbà ló wọ kóòtù lọ gba ẹ̀bùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó ya fọ́tò wà lójú ogun lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀.

Èmi kì í ṣe ará ilé iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n mo bá a rìn lẹ́ẹ̀kan lọ sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ọmọbìnrin kékeré kan wà níbẹ̀ tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Òun àti ìyá rẹ̀ ti pàdánù ara wọn nínú eré àsálà. Ó bi Aláìṣẹ́jú léèrè bóyá ìyá òun máa rí fọ́tò náà.

"Ó máa rí i," ni Aláìṣẹ́jú fèsì. "Rẹ́rìn-ín dáadáa, kó lè tètè dá ọ mọ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, àlàfo eyín rẹ̀ hàn gbangba. Nígbà tí a délé, Aláìṣẹ́jú bẹ olóòtú pé kí ó gbé fọ́tò náà jáde pẹ̀lú orúkọ ọmọ àti orúkọ àgọ́. Olóòtú ní rárá. Ó ní ta ni yóò ṣàánú ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín? Ọmọ mìíràn tó ń sunkún ni wọ́n gbé jáde, wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ tirẹ̀ náà. Ìgbà tí Aláìṣẹ́jú tún padà lọ, àrùn onígbáméjì ti pa ọmọ ẹlẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ náà ló bá níbẹ̀. Ó ti ń wá ọmọ rẹ̀ kiri láti àgọ́ dé àgọ́, ó sì pẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Aláìṣẹ́jú fi fọ́tò náà hàn án lójú kámẹ́rà. Ó sọ fún mi pé ìyá náà kò ké. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò pa gíláàsì náà, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú rẹ̀ ti yí padà. A máa ń sọ ọ́ lásán pé ojú ẹnì kan rí màbo. Tirẹ̀ rí i, ó yà á, ó sì gbé e wálé.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí í ṣe aránṣọ, ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n yìí sọ fún mi pé bí òun bá ti tẹ maṣíìnì tó dún tatata, àbúrò òun á dìde wọ bálùwẹ̀, kò sì ní jáde títí maṣíìnì á fi dákẹ́. Ló bá di pé ọwọ́ ló fi ń rán aṣọ nígbàkúùgbà tí àbúrò rẹ̀ bá wà nílé, ó ń parọ́ fún àwọn oníbàárà pé bẹ́líìtì maṣíìnì ti já. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n náà ṣègbéyàwó, Aláìṣẹ́jú ni wọ́n ní kó ya fọ́tò. Bàtà nìkan ló yà. Bàtà ìyàwó, bàtà ọkọ, sálúbàtà àwọn ọmọdé lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó sunkún. Ẹ̀gbọ́n pè é wọ yàrá, ó bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ibẹ̀ bá jóná tán, bàtà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀."

Ṣé ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ ni? Wọ́n mọ̀. Ó lọ bá olóòtú fúnra rẹ̀, ó ní àlá burúkú ò jẹ́ kí òun sùn mọ́, kí wọ́n wá dókítà tó ń tọ́jú ọkàn fún òun. Olóòtú rẹ́rìn-ín, ó ní àṣé Aláìṣẹ́jú náà ń bẹ̀rù àlá. Ó wá ní kó lọ sí ibi tí omíyalé ti lé àwọn ènìyàn sórí òrùlé, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tù ú lára. Omi tó ń gbé òkú lọ ni wọ́n fi ṣe ìsinmi fún ẹni tí ogun ti dá ọgbẹ́ sí lọ́kàn. Ṣé irú ìsinmi yẹn náà ni wọ́n ní ó wà lọ́jọ́ tó kú?

Mo ti béèrè. Obìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀ sọ fún mi, ó ń wẹ̀yìn bó ṣe ń sọ ọ́, pé Aláìṣẹ́jú wá lọ́jọ́ Ẹtì náà lórí ọ̀rọ̀ dókítà yìí kan náà. Wọ́n ní olóòtú wà nípàdé. Ó jókòó títí, nígbà tó sú u, ó jáde. Ẹ̀ṣọ́ tó ṣí géètì fún un ńkọ́? Ìyẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ni ẹ̀ṣọ́ náà rí tó fi di ẹni à ń yára gbé kúrò?

Ohun tí wọn ò rántí gbé kúrò ni ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì. Òun ló sọ ìyókù fún mi. Ó ń fẹ́ táyà ọkọ̀ ńlá kan lọ́wọ́ ni táyà náà bẹ́ gbàmù. Àwọn tó wà nítòsí ta gìrì, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó pọnmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ná ọṣẹ. Aláìṣẹ́jú, láti ẹnu géètì, pariwo pé kí wọ́n dojú bolẹ̀, ó sì sáré bọ́ sójú títì. Tírélà kan tó ń bọ̀ kò lè dúró mọ́.

Mo bi í bóyá lóòótọ́ ni pé ẹ̀rù ló ń lé e.

"Kò sá fún nǹkan kan o, bọ̀dá," ló wí. "Ẹni tó ń sá, inú ọgbà ló máa sá padà sí. Ọ̀dọ̀ wa níbí ló ń bọ̀. Ìyá ọlọ́mọ yẹn ló fẹ́ fara bò."

Ẹni tí wọ́n kọ̀wé pé kò wo ọ̀tún wo òsì nìyẹn.

Wọn ò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ wọn gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ kí ẹ̀gbọ́n náà. Ó kí i kú ọ̀fọ̀, ó pè é ní màmá, ó yí ọ̀rọ̀ po títí, kó tó wá béèrè bóyá irú àìsàn ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ẹbí tẹ́lẹ̀. Ó ní bí ẹbí bá lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Ẹ gbọ́ o. Wọ́n fẹ́ kí ilé tó ń ṣọ̀fọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní ìdílé wèrè, kí àfẹ́sọ́nà máa yẹra fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí olóòtú lè rí oorun sùn.

Aránṣọ náà gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà padà lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Àbúrò mi ò mọ ẹ̀rù kó tó bá yín ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ ọ. Ẹ lọ wò ó láàárín ẹbí yín."

Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà. Ẹ kó irọ́ inú ìdárò yẹn kúrò, ẹ kọ òtítọ́ sí i, kí ó sì wà ní ojú ìwé kìn-ín-ní. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ yẹn padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kó sọ ohun tó rí níwájú ọlọ́pàá. Kí olóòtú yín jáde wá ṣàlàyé fún gbogbo ayé ìdí tí kò fi wá dókítà fún ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ tọrọ rẹ̀. Kí ọ̀gá yẹn sì padà lọ bá aránṣọ náà, pẹ̀lú ọwọ́ òfo, láti lọ tọrọ àforíjì.

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Mo gbọ́ pé ẹ ti rí ẹlòmíràn tí yóò lọ sójú ogun ní ọjọ́ Ajé, ọmọge kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ti ń di ẹrù rẹ̀. Kó tó wọ ọkọ̀, ẹ dá mi lóhùn níwájú rẹ̀: bó bá padà dé, tí ẹ gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ta nínú yín ni yóò bi í léèrè pé, "Ìwọ ńkọ́?"