Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Èéfín Lọ́nà Iléṣà

Inú mi ò tíì yọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mi ò sì mọ ìgbà tó máa yọ́.

Òkè kan wà lọ́nà Iléṣà béèyàn bá ń jáde l'Óṣogbo. Ẹ̀bá títì níbẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni tírélà ti ń tú èéfín dúdú bí wọ́n bá ń pọ́nkè. Ikọ́ fée ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ jà. Bọ́mọ náà bá ń mí, ẹni tó wà níta á gbọ́. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀ àyíká fún ìjọba ni mo bẹ ọ̀gá mi títí tó fi gbà ká gbé ẹ̀rọ wa lọ síbẹ̀. Bí èéfín tó bá kà bá pọ̀ jù, wọn á ní kí tírélà máa gba ẹ̀yìn ìlú.

Ẹ̀rọ yẹn kì í dá ọkọ̀ dúró, kì í sì í mú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ta ìmọ́lẹ̀ tójú ò rí kọjá títì ni, bí ọkọ̀ bá kọjá, á ka ohun tó wà nínú èéfín rẹ̀. Orí òkè la gbé e sí, torí ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù dáadáa ni èéfín ń jáde.

Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo tírélà tó ń ké bọ̀ látìsàlẹ̀ ló ń dákẹ́ bí wọ́n bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Awakọ̀ á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ọkọ̀ á yí kọjá jẹ́jẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ ń juwọ́ sí wa. Orí mi gbóná, mo bá rìn lọ sísàlẹ̀ òkè.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo bá nínú bọ́ọ̀sì tó fi ń kérò, ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń tan iná iwájú, ó ń pa á, kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ìjọba wà lókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ṣé kí n máa wò kẹ́ ẹ kó àwọn èèyàn mi ni? Awakọ̀ kì í ta awakọ̀."

"A ò mú ẹnikẹ́ni. Ṣebí mo ṣàlàyé fún yín lánàá."

"Ohun tí ìjọba máa ń wí náà nìyẹn."

Ọ̀gá mi wo ohun tí ẹ̀rọ kà, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dáa. Mo jà, mo ní wọ́n tàn wá ni. Ó ní ẹ̀rọ kì í purọ́, ká gbé e lọ sí Òkè-Fìà. Bẹ́ẹ̀ ni tírélà ò yà síbì kankan.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé bọ́ọ̀sì òun ò ṣiṣẹ́, kí n wá fi ọkọ̀ mi gbé wọn lọ sọ́sípítù. Ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, èémí ò délẹ̀ fún un, ojú rẹ̀ ti ràn. Tírélà kan ń gòkè níwájú wa, èéfín bo gíláàsì ọkọ̀ mi.

"Àbúrò," ẹ̀gbọ́n mi wí, omi lé ròrò sí i lójú, "ṣé ìjọba yín ò rí nǹkan kan ṣe sí èéfín yìí ni?"

Èébú ti dé orí ahọ́n mi. Ọmọ ń wò mí nínú dígí, mo bá gbé e mì.