Ọjọ́ Tí Iworo Fa Àwọ̀n Nítorí Mi

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé ẹni tí yunifásítì òkè òkun bá ti gbà wọlé ti débẹ̀ tán. Ayé ológun ni. Lójoojúmọ́ ni rédíò ń sọ fún wa pé kí a máa fara dà á, bí ẹni pé a ní nǹkan mìíràn tí à ń ṣe. Olùkọ́ mi, ọmọ Èkìtì tí wọ́n gbé wá kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì, ló bá mi kọ lẹ́tà kiri. Ìjọba ní àwọn kò rán ọmọ kankan lọ sókè òkun mọ́. Níkẹyìn, yunifásítì kan dá wa lóhùn: wọn yóò san owó ẹ̀kọ́ mi, wọn yóò fún mi ní oúnjẹ àti ibùsùn, kí n lè kọ́ nípa oògùn òyìnbó. Owó ọkọ̀ òfurufú nìkan ni èmi yóò wá fúnra mi. Bí n kò bá sì dé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò fi ààyè mi fún ẹlòmíràn.

Mo gbé orí ga. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wọ bàtà aláwọ rìn nínú iyanrìn Iworo, ìlú wa létí ọ̀sà, mo sì ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa kọjá ọ̀sà. Ìyá mi, opó tó ń yan ẹja tà, ta wúrà rẹ̀ àti àwọn aṣọ rẹ̀ tó dára. Ṣùgbọ́n náírà ń já wálẹ̀, bí a bá ti fẹ́ bá owó ọkọ̀ náà, ó ti tún gun òkè. Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ìyá mi ń wí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á.

Nígbà náà ni bàbá aláwọ̀n dá sí i. Òun ló ni àwọ̀n ńlá tí à ń fà létíkun, ní òdìkejì ọ̀sà. Àṣà wa ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ kan okùn ti ní ìpín nínú ẹja, ì báà ṣe àlejò tó ń kọjá lọ. Bàbá náà ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú pé kí wọ́n wá fa àwọ̀n, kí olúkúlùkù sì fi ìpín rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Wọ́n wá lóòótọ́. Télọ̀ wá, lèmọ́mù wá, kátíkíìsì wá, olùkọ́ mi náà ká ṣòkòtò dé orúnkún. Èmi jókòó sábẹ́ àgbọn pẹ̀lú bàtà mi, mò ń kí wọn bí ìyàwó tuntun.

Bàbá aláwọ̀n wò mí. Ọmọ Ègùn ni, "ovi ṣie" ló máa ń pè mí, ìyẹn ọmọ mi. "Ovi ṣie, kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń kí wọn ni, bàbá."

"Òkun kì í gbọ́ ẹ kú iṣẹ́. Bọ́ bàtà, wá di okùn mú. A kì í fa àwọ̀n fún ẹni tó jókòó."

Mo bọ́ ọ. Ojú tì mí, àmọ́ mo fà á. Nígbà tí àwọ̀n dé ilẹ̀, koríko òkun ló kún inú rẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Mo rò pé wọn yóò máa lọ sílé, kò sì sí ẹni tí ì bá bá wọn wí. Olùkọ́ mi wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti bó, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un jù." Kò sí ẹni tó kúrò nídìí okùn.

Ṣàwá ló kún àwọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, funfun báláú. Ìyá àgbà kan ti ṣèèṣì mú ẹyọ kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sáré jù ú padà: "Ẹ gbà mí o! Mi ò ní jẹ ìwé ọmọ ọlọ́mọ!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá mi yan ẹja náà, àwọn oníṣòwò láti apá Sẹ̀mẹ̀ lẹ́nubodè fi owó sẹ́fà ti ìlú wọn rà á, náírà tó ń já sì di àǹfààní wa nígbà náà: nígbà tí a ṣẹ́ ẹ, owó ọkọ̀ pé. Mo wọ ọkọ̀ òfurufú.

Nígbà tí mo kẹ́kọ̀ọ́ yege tí mo padà wálé, mo gbé owó lọ fún bàbá aláwọ̀n. Ó bi mí pé owó kí ni. Mo ní ìpín wọn ni. Kò tilẹ̀ na ọwọ́ sí i.

"A ò yá ọ lẹ́ja," ó wí. "A fà á, ìwọ náà fà á."

Bàbá náà ti lọ báyìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí oògùn òyìnbó, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló rán mi lọ sókè òkun. Nígbà mìíràn wọ́n ń retí orúkọ ọ̀gágun kan tàbí olówó kan. Iworo ni mo máa ń dá wọn lóhùn, orí mi a sì wú.