Ohun Tí Wọ́n Pè Ní Ìfàmọ́ra

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ọdún tí ìséde kòrónà kásẹ̀ nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nílé ìtọ́jú ọmọ kan lẹ́yìn Fourways. Ó ṣì ń rí mi lára.

Tinúkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ará Iléṣà ni bàbá rẹ̀, Súlú ni ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì ti kú. Lásìkò oúnjẹ, ó kọ̀, kò fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Kò lu ẹnikẹ́ni o. Àwa àgbà mẹ́rin dà á dojú bolẹ̀, ẹnìkan gbé orúnkún lé e lẹ́yìn. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó fi èdè bàbá rẹ̀ ké sí mi: "Mummy, mi ò lè mí!" Mi ò tètè jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ọ̀gá wa fi pe ohun tí a ṣe yìí nínú ìwé ọjọ́ náà, ìfàmọ́ra ló túmọ̀ sí. Ìfàmọ́ra! Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ wo ló ṣẹ́ kù fún wa, nígbà tí a ti fi méjèèjì tẹ ọmọ mọ́lẹ̀?

Lọ́sẹ̀ náà, ẹgbẹ́ wa fẹ́ wọ́de lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Marshalltown nítorí iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Mo kọ ọ́ sí pátákó tèmi pé: Ẹ MÁ TẸ ỌMỌ MỌ́LẸ̀ MỌ́. Bàbá Sithole, alága wa, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sisi Bọ́lá, pa ìyẹn rẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ló tẹ̀ ẹ́."

"Èmi náà wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ṣé ẹ̀wọ̀n lo fẹ́ lọ ni?"

"Tinúkẹ́ ṣì ń gbé ibẹ̀. Bí wọ́n bá tún tẹ̀ ẹ́ lọ́la ńkọ́?"

Ó pòṣé. Mo gbé pátákó mi wọ́de, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe níwájú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé náà. Ẹgbẹ́ yọ mí nípò. Ọ̀gá wa jókòó pẹ̀sẹ̀ sípò tirẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo la rí gbà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ náà: wọn ò gbọdọ̀ da ọmọ dojú bolẹ̀ mọ́, bí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Kò sí ẹni tó bẹ ọmọ náà, nínú ọ̀gá àti ẹgbẹ́. Nígbà tó wọ yunifásítì ní Auckland Park, èmi lọ bá a, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹsẹ̀ tí mo dì mú. Mo wá sọ fún un nípa òfin náà, inú mi ń dùn díẹ̀.

Ó dá mi lóhùn pé:

"Eish, Mummy. Gbogbo ìjà yẹn, ẹ kàn yí wa padà ni."