Nọ́mbà Bàbá Erwin

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wa èédú nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ lọ gba atẹ́gùn létí òkun, ọmọ bíbí inú rẹ̀ sì lọ gba yàrá ihò èédú fún un pé kó máa sùn síbẹ̀. Ọ̀tá kọ́ ló ṣe é o. Sabina, ìyàwó mi, ni. Ìfẹ́ ló sì fi ṣe é.

Àna mi ni bàbá tí mò ń wí yìí, Erwin Szołtysek, ará Ruda, ìlú àwọn awakùsà. Lọ́dọ̀ tiwọn, kò sí ìdílé tí kò ní ẹnì kan tó ti wọ ihò rí. Èmi Seweryn, ará Poznań ni mí, a sì fẹ́ràn ọ̀dùnkún níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà “ọmọ ọlọ́dùnkún” ni bàbá ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti wá tọrọ ọmọ rẹ̀. N kì í bínú. Ọ̀dùnkún ọ̀hún ni mo kúkú ń rù fún un.

Àjà kẹrin ni bàbá ń gbé. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ilẹ̀, ni yàrá kékeré tí ó ń kó ọ̀dùnkún àti ìgò kùkúmbà rẹ̀ sí wà. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọdún mọ́kànlá gbáko, kò tíì tẹ ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀. Ó ní òun ti bá Báábárà Mímọ́, tó ń ṣọ́ àwọn awakùsà, dá májẹ̀mú: ọjọ́ tí òun bá jáde, òun jáde nìyẹn, orí òun kò tún ní wọ abẹ́ òrùlé tó bá rẹlẹ̀ mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀lẹ ló wọ aṣọ májẹ̀mú. Ìgbà tí mo rí i tó fi òùngbẹ sùn, tí ìgò bíà mẹ́fà sì wà nísàlẹ̀ ilé, ni mo tó gbà pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ bíi ọmọ ọ̀dọ̀.

Sabina mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí àwòrán ilé ìtura kan létí òkun, tí wọ́n ṣe yàrá kọ̀ọ̀kan fún ìdùnnú ọmọdé, òmíràn bí ọkọ̀ ojú omi, òmíràn bí igbó, òmíràn bí ihò àwọn àràrá tó ń wa èédú, orí rẹ̀ wú. “Seweryn, inú bàbá á dùn títí! Iṣẹ́ rẹ̀ ni!” Mo ní, “Ìyàwó mi, ṣé o rí alápatà kan rí tó lọ lo ìsinmi rẹ̀ ní ilé ìpẹran?” Ó ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ará Ruda. Mo fi í sílẹ̀, torí èèyàn kì í bá ọmọ jiyàn lórí bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú la dé. Sabina fọwọ́ bo bàbá lójú títí a fi wọ yàrá. “Bàbá, ẹ lajú!”

Bàbá lajú. Iwájú ni ibùsùn tèmi àti Sabina wà, pẹ̀lú àga gbọọrọ kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn wọn ni ẹnu ihò: pákó àti páálí tí wọ́n kùn bí àpáta, ó rẹlẹ̀, ó ṣe tóóró, ó tún yà sí ọ̀tún, ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ẹrù méjì tí wọ́n sọ di ibùsùn wà. Àràrá onígi mẹ́ta dúró lẹ́nu rẹ̀, wọ́n gbé àtùpà dání, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá rìn lọ sí ìdí òpó àkọ́kọ́, ó fi ìka kàn án. “Ta ló gbé òpó yìí síbí?”

“Bàbá, páálí ni,” ni Sabina wí.

“Mo mọ̀ pé páálí ni. Ibi tí wọ́n gbé e sí ni mò ń sọ. Òrùlé yìí ì bá ti wó láti àná.” Ó wá yíjú sí àwọn àràrá. “Kí ló sì ń pa àwọn wọ̀nyí lẹ́rìn-ín? Ẹni tó wa èédú gan-an kì í rẹ́rìn-ín lọ, ìgbà tó bá ń bọ̀ ló máa ń rẹ́rìn-ín.”

Lidka, ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti dé inú ihò ṣáájú gbogbo wa. Láti ìgbà Àjíǹde ló ti ń wí fún gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé òun àti bàbá àgbà òun yóò jọ sùn nínú ihò èédú. Ó yọ orí jáde. “Bàbá àgbà, ẹ̀yin lẹ ni kẹ̀kẹ́ ńlá yìí! Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi!”

“Awakùsà kì í sùn nísàlẹ̀, ọmọ mi.”

“Kí ni wọ́n wá ń ṣe?”

“Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, wọ́n sì ń bú ọ̀gá.” Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn. “Ibí ni tèmi.”

Ojú ọmọ náà rọ̀. Ti bàbá pàápàá kò dára. Ní ìrọ̀lẹ́, ó pè mí síta. “Ọmọ ọlọ́dùnkún, aago mélòó ni ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ẹtì ń lọ?” Mo ní, “Bàbá, ọ̀sẹ̀ méjì la wá lò o.” Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ wá lò ó.” Nígbà tí mo sọ fún Sabina, ilé ìwẹ̀ ló wọ̀, ó sì ṣí omi kí n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ohun tó ń ká a lára ni pé tí bàbá bá lọ, Lidka á rò pé òun àti ihò òun ló lé e.

Lọ́jọ́ kejì, Lidka ń súfèé nínú ihò. Bàbá fò dìde lórí àga bí ẹni tí eèrà ta. “Má súfèé nísàlẹ̀ ilẹ̀!”

“Kí ló dé?”

“Iwin tó ni ihò kì í fẹ́ ẹ. Nígbà tó o bá ń súfèé, báwo lo ṣe fẹ́ gbọ́ bí òrùlé bá ń dún?”

Lidka yọjú. “Kí ni nǹkan mìíràn tí wọn kì í ṣe?”

Ibẹ̀ ni bàbá ti kó wàhálà bá gbogbo wa. Ó ní kò sẹ́ni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìmú nọ́mbà. Ó kó ìdérí àwọn ìgò ọbẹ̀ tí a gbé wá láti ilé, ó fi ọ̀dà èékánná Sabina kọ nọ́mbà sí ìkọ̀ọ̀kan, ó dá wọn lu, ó sì fi wọ́n kọ́ sórí àwọn ìkọ́ aṣọ ẹ̀bá ilẹ̀kùn, tí wọ́n ṣe bíi dígà. Bó o bá ń wọ ihò, mú nọ́mbà rẹ dání. Bó o bá jáde, dá a padà sórí ìkọ́. “Ìkọ́ rẹ bá ṣófo, nísàlẹ̀ lo wà. O ò tíì lè lọ sílé. Bí gbogbo ayé bá tiẹ̀ ń sọ pé àwọn rí ọ ní Poznań, nísàlẹ̀ lo wà.”

Ó wá yọ nọ́mbà tirẹ̀ gan-an kúrò lára kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, idẹ tó ti ń dán nítorí ìfọwọ́kàn, 417. Òun ló ń mú wọ ihò nígbà iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ó gbé e kọ́ ìkọ́ àkọ́kọ́.

“Ìgbà wo lẹ máa mú tiyín?” ni Lidka bi í.

“Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lókè kó máa wo ìkọ́. Èmi nìyẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín láti inú ihò, níbi tí mo ti ń wá ìbọ̀sẹ̀ mi. “Bàbá, ẹ ti di ọ̀gá ọ́fíìsì.”

“Ìwọ, pa ẹnu dé. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ tó wà nínú ihò, o mú nọ́mbà kó o tó lọ wá a?” N kò mú un. Ó ní kí n padà jáde, mo mú ìdérí ìgò mi, mo tún fi orúnkún wọlé. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí.

Ní ọjọ́rú, a jókòó létí òkun lẹ́yìn aṣọ tí gbogbo ayé máa ń ta sínú iyanrìn níbẹ̀ kí atẹ́gùn má baà fẹ́ oúnjẹ lọ. Mo bi í pé, “Bàbá, kí ló dé gan-an? Páálí ni. Ọmọ-ọmọ yín ló wà nínú rẹ̀.”

Ó ní: “Ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Hubert. 416 ni tirẹ̀, ó ṣáájú tèmi. Ìkọ́ rẹ̀ ṣófo fún ọjọ́ mẹ́ta, à ń wò ó.” Ó bu iyanrìn lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Mo mọ̀ pé páálí ni.”

Ojú tì mí fún gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo ti fi ráhùn lórí ọ̀dùnkún.

Nígbà tó di òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dì í pinpin. Lidka wò ó. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, èyí tí kì í ṣe. Ó yẹ kí ẹ̀rù ti bà wá láti ibẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sán, mo wà lórí ìlà áísìkiriìmù, mo rò pé Lidka wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní adágún ìwẹ̀. Sabina wà ní adágún ìwẹ̀, ó rò pé ọmọ wà lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí a pàdé, áísìkiriìmù ọwọ́ mi ti ń yọ́, kò sí ọmọ. Sabina sáré lọ sí yàrá, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó pè é, kò gbọ́ ohùn kankan, ó tún sáré padà. Ìyáàfin Grażyna tó ń ṣàkóso ilé ìtura náà fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde: ọmọbìnrin, ọdún mẹ́fà, aṣọ ìwẹ̀ aláwọ̀ ewé. Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n kọjú sí òkun. Èmi pàápàá ti wà nínú omi dé àyà, mò ń pariwo orúkọ ọmọ mi.

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí bàbá. Ó ń rìn lọ. Ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó ń lọ sí ilé ìtura, wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń lọ wo aago. Inú bí mi débi tí mo fi gbàgbé pé àna mi ni. Mo sáré tẹ̀lé e. “Bàbá! Níbo lẹ ń lọ? Ọmọ ti sọnù!”

“Mò ń lọ wo ìkọ́.”

Mo fẹ́ bú u. Èébú náà ti dé ẹnu mi, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n a dé yàrá, ó sì dúró níwájú àwọn dígà onígi. Ìdérí tèmi wà níbẹ̀. Ti Sabina wà níbẹ̀. Ìkọ́ Lidka ṣófo.

Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkọ́ àkọ́kọ́, òun náà ṣófo. 417 kò sí níbẹ̀.

Bàbá wo ìkọ́ méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò rẹ̀, ó jáde lófo. “Mi ò mú un,” ó ní. Ó tún wò wọ́n. “Ó dára. Bí ìkọ́ bá wí pé mo wà nísàlẹ̀, nísàlẹ̀ ni mo wà.”

Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ihò, orúnkún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ.” Ó tẹrí ba, ó wọlé, ó yà sí ọ̀tún, n kò rí i mọ́. Mo wá gbọ́ tó kí ìkíni tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń kí ara wọn nínú ihò: “Kí Ọlọ́run bùkún.”

Lẹ́yìn náà, ohùn kan tí oorun ṣì wà nínú rẹ̀ dáhùn: “Kí Ọlọ́run bùkún, Bàbá àgbà. Ẹ ti pẹ́ jù.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú omi òkun lára mi.

“Ta ló ní kó o mú nọ́mbà mi?” ni mo gbọ́ tí bàbá wí.

“Èmi ni. Ẹ ti di ẹrù yín. Ẹ sì sọ pé ẹni tí ìkọ́ rẹ̀ bá ṣófo kò tíì lè lọ sílé.”

Mo sáré lọ sọ fún Sabina àti Ìyáàfin Grażyna. Nígbà tí a padà dé, bàbá ti nà sínú kẹ̀kẹ́ ńlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, ó ń ráhùn pé òpó ẹ̀yìn yìí burú ju ti iwájú lọ. Sabina ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ jáde ẹ wá jẹun.”

“Ẹ gbé e wá síbí. Iṣẹ́ wa kò tíì parí.”

Ibẹ̀ ló sùn. Ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ẹtì lọ láìsí i nínú rẹ̀.

Nínú oṣù kẹsàn-án, a lọ kí i ní Ruda. Mo ti mú apẹ̀rẹ̀ ọ̀dùnkún dání, mo ń lọ sílẹ̀ bí ìṣe mi, ó gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìsàlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, májẹ̀mú ńkọ́?” Ó ní, “Báábárà Mímọ́ mọ̀ pé o máa ń mú àwọn tó ti jẹrà wá.” Ìṣó tuntun kan wà lára ilẹ̀kùn ìdáná, 417 sì wà lórí rẹ̀. Ó mú un, ó fi sápò, ó sì pe Lidka.

“Jókòó síbí,” ó ní, “kó o máa wo ìṣó yìí títí màá fi dé.”

Lidka fa àga, ó jókòó, kò sì gbójú kúrò níbẹ̀.