Mo Gbé Orí Maṣíìnì Dàpọ̀ Lọ sí Igbemo

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi jáde ní Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì níbi tí mo ti ń ránṣọ, pẹ̀lú orí maṣíìnì ìránṣọ lórí èjìká. Irin ni látòkè délẹ̀. Kí n tó dé gáréèjì, ọrùn mi ti wọ́ sápá kan.

Dàpọ̀ ló ni ín. A jọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ni. (Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn o, òun ló yàn án fún ìtàn yìí, ó ní ó dùn ju tòun lọ.) Ó ku oṣù méjì kó ṣe firídọ̀mù ni mo mú fóònù rẹ̀ lórí tábìlì, mo rí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọkùnrin kan kọ sí i, mo sì kà á sókè fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí n kò parí ilé ìwé gírámà, ọjọ́ yẹn ni mo kàwé já gaara. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n lù ú. Ó sá lọ láìmú nǹkan kan, èmi sì fi maṣíìnì rẹ̀ ránṣọ fún ọdún méjì kí n tó gbọ́ pé Igbemo ló sá sí, tí mo fi ń gbé e lọ dá padà fún un.

Nínú ọkọ̀ Igbemo, awakọ̀ wo itan mi. "Ọmọ yìí, ṣé orí ìyàwó rẹ lo gbé lé itan yẹn?"

"Maṣíìnì ni, bàbá."

"Ó jókòó, èrò ni. Ẹgbẹ̀rún kan tìrẹ, ẹgbẹ̀ta tirẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí maṣíìnì fúnra rẹ̀ wá bẹ òun.

Lẹ́yìn Ìwòrókò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́bàá títì, ṣòkòtò rẹ̀ fún mọ́ ọn lára. Awakọ̀ fọn fèrè. "Ẹ wo ìyàwó ilé!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in. Ẹ gbọ́ o: maṣíìnì ẹni tí mo ṣẹ̀ wà lórí itan mi, mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Ní Igbemo, ìrẹsì ni wọ́n máa ń sá síwájú ilé, bí àwa ṣe ń na òwú òfì ní Ìsẹ́yìn ìlú mi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Dàpọ̀ ń gbé, màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Bí mo ṣe rí i, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, orí ìrẹsì màmá ni.

"Dìde lórí oúnjẹ mi! Ta ló wá ulé wa?" Ulé ni wọ́n ń pe ilé níbẹ̀.

Dàpọ̀ jáde. Kò rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo, ìrẹsì lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí.

Màmá wọlé, ó mú ìwé òfin ilẹ̀ wa tó fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé jáde. "O mọ̀wé kà, àbí? Ka ibí yìí sókè."

Lọ́tẹ̀ yìí, ahọ́n mi wúwo. Òyìnbó ni, màmá ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kọsẹ̀ lọ: gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí iyì ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá a lóró tàbí tàbùkù rẹ̀.

"Òfin míràn wà tó ń fi ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin sẹ́wọ̀n," màmá ní, "mi ò ní parọ́ fún ọ. Àmọ́ kò sọ télọ̀ di ọlọ́pàá."

"Màmá, ṣé kì í ṣe ìjọba ló máa tún òfin yẹn ṣe?"

"Ìjọba ló ka fóònù ni?"

Mo gbé maṣíìnì fún Dàpọ̀.

Ó yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. "Abẹ́rẹ́ ẹ̀ ti kú. Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Àmọ́ tí o bá máa tún wá, mú abẹ́rẹ́ nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún dání." Ó na ọwọ́, ó ṣa ìrẹsì kan kúrò níwájú orí mi. A jẹun.

Awakọ̀ àárọ̀ yẹn náà ló gbé mi padà. A ń sún mọ́ Ìwòrókò ló tún dá a sílẹ̀: "Ẹ ò bá rí ìyàwó ilé tá a rí láàárọ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo na ọrùn sí awakọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ẹnìkan nìyẹn. Irú ẹ̀rín yẹn ni mo dá sílẹ̀ kí wọ́n tó lu ọ̀rẹ́ mi."

Awakọ̀ dín eré kù. Mo ti ń wo igbó tí wọ́n máa já mi sí.

"Ta lọ̀rẹ́ rẹ?"

"Orúkọ ẹ̀ kì í ṣe tèmi láti sọ, bàbá."

Ìyá kan lẹ́yìn ní, "Ó sọ òótọ́. Ẹ wakọ̀ yín." Awakọ̀ kùn pé maṣíìnì yẹn ló kọ́ mi ní ẹnu. Kò dárúkọ ìyàwó ilé mọ́ títí a fi dé Adó.

Ohun tí mo kọ́ nìyí: ẹnu tó ba nǹkan jẹ́ láàárín èrò, àárín èrò náà ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Mo yà ní Adébáyọ̀, mo ra abẹ́rẹ́ nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún mẹ́wàá fún Dàpọ̀. Ibi tí maṣíìnì wà tẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ti ṣófo. Ibẹ̀ ni mo kó wọn sí, níbi tí ojú mi á ti máa rí wọn.